Ẹnjiníà àti Etí Bàbá Onírọ́bà

Láyé ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Ìlọ́fà ṣe olú ìjọba ìbílẹ̀ Òkè-Ẹ̀rọ, ẹni tó bá fẹ́ tún rédíò ṣe níbẹ̀ ní láti kọ́kọ́ gba èébú. Ọmọ́tọ́ṣọ́ kì í fọwọ́ kan rédíò láìtíì bú ẹni tó ni ín. Ìsọ̀ páànù rẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí ọ́fíìsì káńsù. Ó fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ ara rẹ̀ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn, ó sì fi "Ẹnjiníà" ṣíwájú rẹ̀. Bí o bá pè é ní oníṣẹ́ rédíò, kò ní í dá ọ lóhùn. Bí o bá pè é ní Ẹnjiníà, á dá ọ lóhùn, ṣùgbọ́n kò ní í gbójú sókè.

Ta ló fi í jẹ ẹnjiníà? Òun fúnra rẹ̀ ni. Kàdúná ló ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń tún rédíò ṣe lábẹ́ igi máńgòrò, kò sì parí ẹ̀kọ́ náà tó fi di ẹrù rẹ̀ wálé. Tirẹ̀ ni pé òun ti mọ iṣẹ́ ju ọ̀gá òun lọ. Àwọn ọmọ Ìlọ́fà tó wà ní Kàdúná nígbà náà ní ọ̀gá ló lé e, torí ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró jẹ́ẹ́ nínú rédíò oníbàárà. Kí kálukú mú èyí tó bá wù ú nínú méjèèjì. Èyí tí gbogbo wa fojú rí ni pé agbádá ló wọ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò lọ́jọ́ tó dé, bíi pé ìjọba ló rán an níṣẹ́ sí wa.

A ò ní í tìtorí pé inú ń bí wa ká parọ́ mọ́ ọn. Ó mọṣẹ́. Bí iná ìjọba bá lọ, tó sì sábà máa ń lọ, á ki irin tó fi ń jó léèdì bọ inú ẹyín iná, á jó wáyà tó tín-ín-rín bí irun orí mọ́ ibi tó yẹ, ọwọ́ rẹ̀ kò sì ní í gbọ̀n. Ohun tó ń dunni gan-an nìyẹn. Ká ní kò mọ̀ ọ́n ṣe ni, à bá ti fi í sílẹ̀ tipẹ́.

Ẹnu rẹ̀ ni kò ṣeé gbọ́. Àgbẹ̀ tó sá bátìrì sóòrùn kó lè lágbára díẹ̀ sí i, á fi í ṣẹ̀sín títí oòrùn á fi wọ̀. Ìyá tó gbé rédíò sẹ́bàá ààrò nítorí òjò tó wọ inú rẹ̀, á bi í léèrè bóyá ó fẹ́ fi se ọbẹ̀ ni. Kò bọ̀wọ̀ fún tíṣà, kò bọ̀wọ̀ fún akọ̀wé káńsù, ìjókòó àpótí kan náà ni gbogbo wọn ń jókòó lé bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò sì ní í béèrè orúkọ ẹnì kankan. Kí ló fẹ́ fi orúkọ ará oko ṣe? Àléébù tó wà lára rédíò rẹ ni orúkọ tí yóò sọ ọ́. Ìyá Ń-hó wà, Tíṣà Aláìléríà wà, ọ̀kan wà tó ń pè ní Bàbá Onírọ́bà.

Ohun kejì tí Kàdúná kọ́ ọ ni ìyọfidí. Bí rédíò bá dé ọwọ́ rẹ̀ tí sípíkà rẹ̀ dára, tó sì jẹ́ pé nǹkan kékeré mìíràn ló ṣe é, á yọ èyí tó dára sínú dúrọ́ọ̀, á fi èyí tó ti ya dí i. Lẹ́yìn náà á tan àbẹ́là, á kán an sórí gbogbo ìdè rẹ̀. Á ní, "Ẹ wò ó, èdìdì mi rèé. Bí ẹnikẹ́ni bá já a, kí onítọ̀hún má gbé e padà wá sọ́dọ̀ mi." Àwọn èèyàn á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á gbé èyí tí kò dára mọ́ lọ sílé.

Ọjọ́ ọjà kan ni Bàbá Onírọ́bà dé láti Ìsọlọ̀-Ọ̀pin. Rédíò kékeré tó ṣeé gbé sí àtẹ́lẹwọ́ ló mú wá. Ìdérí bátìrì rẹ̀ ti sọnù, ó sì fi rọ́bà dúdú tí wọ́n gé lára táyà inú kẹ̀kẹ́ dì í yíká.

"Ẹnjiníà, ẹ kú uṣẹ́ o," ni bàbá wí, ohùn Ọ̀pin kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Láti àná ló ti dákẹ́."

Ọmọ́tọ́ṣọ́ wo rọ́bà, ó wo bàbá, ó pòṣé. "Ṣé rédíò lẹ gbé wá ni àbí ìdì igi? Ẹ gbé e síbẹ̀. Ẹ padà wá lọ́jà tó ń bọ̀."

Wáyà kan ṣoṣo ló já níbi tí iná bátìrì ti ń wọlé. Ṣùgbọ́n nígbà tó tú u, ó rí sípíkà inú rẹ̀. Ará Japan àtijọ́ ni, mágínẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wúwo, bébà rẹ̀ kò ya níbì kankan, irú rẹ̀ kò sí lọ́jà Ìlọrin mọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kan ti kán kútẹ́ẹ̀sì sí i lójú méjì, kútẹ́ẹ̀sì pupa tí àwọn ọmọge fi ń kun èékánná. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ọmọdé oko ti fi rédíò bàbá wọn ṣeré.

Ọmọ Ìlọ́fà kan náà nìyí o. Nílé tí wọ́n bí i sí, wọ́n ń gé ewúrẹ́ létí kó má bàa dàpọ̀ mọ́ ti ẹlòmíì, wọ́n ń fi aró kun adìyẹ níyẹ̀ẹ́. Ó yẹ kó mọ àmì bó bá rí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti gbà pé ará oko ò gbọ́n, bí ọgbọ́n wọn bá pupa wẹ̀ẹ̀ níwájú rẹ̀, eré ọmọdé ni yóò pè é. Ó yọ sípíkà náà, ó fi òmíràn tí bébà rẹ̀ ti ya tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ dí i, ó jó wáyà mọ́ ọn, ó kán àbẹ́là lé e.

Nígbà tí bàbá padà dé, wọ́n tan rédíò. Ó sọ̀rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti há, ó ń wá bí ẹni pé inú ìkòkò ló wà. Bàbá gbé e súnmọ́ etí, ó tún gbé e jìnnà.

"Ẹnjiníà, ohùn ẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ mi dáadáa."

"Bàbá, rédíò yín ò ní nǹkan kan. Etí yín ló ń di. Ṣé kí n tú ìyẹn náà wò ni?"

Gbogbo àwọn tó jókòó sórí àpótí rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín ẹni tí ojú ń tì. Ó ní, "Bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni," ó sì gbé rédíò rẹ̀ lọ. Kí Ọmọ́tọ́ṣọ́ tó jẹun alẹ́ ọjọ́ náà, ó ti gbàgbé rẹ̀.

Ògúndípẹ̀ ni orúkọ bàbá tí kò béèrè yìí. Ní Ìsọlọ̀, òun ni etí ìlú. Àwọn ọmọ ìlú wọ̀nyẹn ti fọ́n ká sí Èkó, Kàdúná àti Ìbàdàn, bí ẹnì kan bá sì kú lọ́hùn-ún, rédíò Ìlọrin ló máa ń kéde rẹ̀ ní àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Ògúndípẹ̀ ló máa ń gbọ́ ìkéde náà. Bó bá ti gbọ́ orúkọ ilé kan, á fi ọkọ́ sílẹ̀, á wọ dàńṣíkí, á lọ jókòó ti àwọn ẹbí náà, á kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀ iṣu àti òjò, títí ọ̀rọ̀ á fi rí ọ̀nà jáde lẹ́nu rẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ bí a ti ń tú ọ̀fọ̀ bíi tirẹ̀. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tó ti jẹ́ alàgbà náà, òun ni wọ́n fi ń ṣe ìkéde lọ́jọ́ Ìsinmi.

Bó ṣe ti ọ̀dọ̀ Ọmọ́tọ́ṣọ́ dé ni gbogbo rẹ̀ dópin. Ó gba ohun tí Ẹnjiníà wí gbọ́. Lọ́jọ́ kan rédíò dárúkọ ẹnì kan ní Ìsọlọ̀, kò lè dá orúkọ náà mọ̀ nínú ohùn tó há yẹn, ni òkú bá ti délé kí ẹbí tó gbọ́. Ó lọ bá olùṣọ́-àgùntàn, ó ní kí wọ́n fi ẹlòmíì ṣe ìkéde, etí òun ti ń lọ. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ìlú ti ń pariwo mọ́ ọn. Keziah ìyàwó rẹ̀ ló ń pariwo jù. Ẹni tí wọ́n bá ń pariwo mọ́ lárọ̀ọ́ lálẹ́, tó bá yá, òun náà á máa fi ọwọ́ bo etí bí ẹni tí kò gbọ́ràn. Ògúndípẹ̀ kò sọ̀rọ̀ nípàdé mọ́. Ó ní adití kì í dájọ́.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, akọ̀wé tuntun kan dé ọ́fíìsì káńsù ní Ìlọ́fà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni. Olúwayẹ́misí ni orúkọ rẹ̀. Ó ní wókúmànù kékeré kan tó fi ń gbọ́ orin, ó ń jẹ kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó sì gbé e wá sí ìsọ̀ páànù. Àwọn tó jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ṣì ń sọ ọ́ títí dòní: Ọmọ́tọ́ṣọ́ gbójú sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó." Ó fi aṣọ nu àpótí fún un. Ó tún wókúmànù náà ṣe dáadáa, kò yọ ohunkóhun nínú rẹ̀. Ó sì béèrè orúkọ.

Kò pẹ́ tó fi sọ fún un pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ ìyàwó ti le mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń rán ọmọ lọ sí sẹ́kọ́ńdírì. Ìdílé méjì ti kọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀ nítorí ẹnu rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ti kìlọ̀ fún un pé bí èyí náà bá bọ́, kó má mú òmíràn wá mọ́, òun ò ní ojú tí òun á tún fi lọ bẹ àwọn àna. Ọmọ́tọ́ṣọ́ fúnra rẹ̀ nífẹ̀ẹ́ ọmọbìnrin náà. Bí obìnrin bá ti ọ́fíìsì káńsù ń bọ̀ wá sílé rẹ̀, tó ń gba owó oṣù, ta ni yóò tún lè sọ pé kì í ṣe ẹnjiníà?

Yẹ́misí kò gbà, kò sì kọ̀. Ó ní, "Wá rí bàbá mi ní Ìsọlọ̀. Bí bàbá mi bá ti gbà ọ́, mo gbà. Ṣùgbọ́n kí o máa sọ̀rọ̀ sókè, etí wọn ti ń di."

Ṣé ẹ rí i, ọ̀rọ̀ yẹn ò tiẹ̀ ta á létí. Mélòó làwọn ará Ìsọlọ̀ tó ti gba ìsọ̀ rẹ̀ kọjá? Ó mọ àléébù rédíò wọn, kò mọ ọmọ ẹni tí wọ́n í ṣe.

Ó ní òun á fi ẹ̀bùn gidi dé ilé àna. Ó wá páálí rédíò kan tó dán, ó to inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó wá inú dúrọ́ọ̀ fún sípíkà tó dára jù lọ. Ọwọ́ rẹ̀ bá ará Japan tó ti fi pamọ́ láti ọjọ́ yìí wá fún ohun pàtàkì. Ó rí kútẹ́ẹ̀sì náà. Kò họ ọ́ kúrò. Ta ni yóò tú u wò?

Lọ́jọ́ mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́, wọ́n gba bọ́ọ̀sì lọ sí Ìsọlọ̀, Ọmọ́tọ́ṣọ́ wọ agbádá tó wọ̀ dé láti Kàdúná. Ọláwuyì ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni agbẹnusọ wọn. Wọ́n kó iṣu àti epo sílẹ̀. Wọ́n dọ̀bálẹ̀. Nígbà tí Ọmọ́tọ́ṣọ́ gbórí sókè láti ilẹ̀, ojú rẹ̀ bá ojú Bàbá Onírọ́bà.

Òógùn bò ó. Bàbá náà dá a mọ̀, ṣùgbọ́n ìdùnnú ló mú un. "Ẹnjiníà mà ni!" Ó yíjú sí àwọn ará ilé. "Òun ló là mí lóye. Àwọn yòókù ń tàn mí, òun ló sọ òótọ́ fún mi pé etí mi ń di. Ọmọ tí kò lè parọ́ nìyí."

Kí lẹ rò pé Ọmọ́tọ́ṣọ́ ṣe? Ó gbà á bẹ́ẹ̀. Ó tẹríba, ó ní iṣẹ́ Olúwa ni. Nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún ó ń sọ pé ará oko ò gbọ́n láé, orí yọ òun. Ó wá gbé rédíò tuntun jáde nínú ọ̀rá, ó tàn án, ó gbé e lé bàbá lọ́wọ́.

Ìkéde ìrọ̀lẹ́ ló ń lọ lọ́wọ́. Ògúndípẹ̀ gbé ọwọ́ sẹ́yìn etí bó ti ń ṣe láti ìgbà yìí. Ó mú ọwọ́ náà kúrò. Ó gbé rédíò sórí itan. Ó tún gbé e sórí tábìlì, ó fà sẹ́yìn. Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Mò ń gbọ́ ọ," ni ó wí. "Gbogbo ẹ̀ ni mò ń gbọ́."

Keziah fi igbe bọ ẹnu. Olùṣọ́-àgùntàn tó wà níbẹ̀ dìde, ó ní etí adití ṣí, ó dá orin, gbogbo ilé gbè é. Wọ́n yí Ọmọ́tọ́ṣọ́ ká. Wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí. Ọláwuyì ń jó. Bí ẹ bá rí Ẹnjiníà lọ́jọ́ náà! Ó pa ojú dé, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè bíi wòlíì, ó jẹ́ kí wọ́n máa fi ìyanu dúpẹ́ lórí olè tó jà. Ẹnu wa ò gba ohun tí à bá pè é.

"Ẹ dákẹ́ ná," ni Ògúndípẹ̀ wí.

Orin dáwọ́ dúró. Ó tún gbé rédíò náà súnmọ́ etí, ó sì pẹ́ níbẹ̀. "Mo mọ ohùn yìí. Keziah, gbé rédíò mi wá láti inú yàrá."

Wọ́n gbé ti onírọ́bà wá, wọ́n tàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Ọ̀kan ń sọ̀rọ̀, ọ̀kan ń há. Ògúndípẹ̀ fi ìka kan ti tuntun. "Ohùn rédíò mi nìyí. Mo ti bá a jí láti ìgbà tí Yẹ́misí ò tíì máa rìn."

Ọmọ́tọ́ṣọ́ ní, "Bàbá, bí ilé iṣẹ́ kan náà bá ṣe wọ́n, ohùn wọn a máa jọra." Ó tún sọ ọ́ ketekete, ó pariwo rẹ̀, bí a ti ń bá adití sọ̀rọ̀.

Yẹ́misí dìde. Ó wọ ilé ìdáná, ó mú ọ̀bẹ jáde, ó jókòó sílẹ̀ lórí ẹní. Ọmọ́tọ́ṣọ́ sáré na ọwọ́. "Má já èdìdì yẹn, á bàjẹ́."

"Ṣebí ẹ̀bùn ni? A ti gbà á."

Ó họ àbẹ́là kúrò, ó tú u. Kútẹ́ẹ̀sì méjì wà lẹ́yìn sípíkà, ó ṣì pupa. Ó tú ti bàbá rẹ̀: bébà tó ya, gọ́ọ̀mù, kò sí àmì kankan. Ó na sípíkà náà sí àwọn ẹbí méjèèjì. "Ìgbà tí mo wá fún họlidé ni mo fi kútẹ́ẹ̀sì ara mi sàmì sí i, torí àwọn atún-rédíò-ṣe ò ṣeé fọkàn tán. Èmi ni mo kùn ún. Ẹ wò ó."

Olùṣọ́-àgùntàn rọra jókòó. Ọláwuyì wo ọmọ àbúrò rẹ̀, ó wo ilẹ̀. Ọmọ́tọ́ṣọ́ ní àṣìṣe ni, ní ìsọ̀ kan tí iṣẹ́ pọ̀ sí, nǹkan lè dàpọ̀. Keziah ló sọ̀rọ̀, ó sì jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ tí kò pariwo nínú ilé náà. "Odindi ọdún kan ni mo fi pariwo mọ́ ọkọ mi bí ẹni ń lé ẹyẹ lóko."

Yẹ́misí gbé méjèèjì síwájú Ọmọ́tọ́ṣọ́. "Ẹnjiníà, ẹ dá a padà síbi tí ẹ ti yọ ọ́."

Ó sì dá a padà. Wọ́n kó ẹyín iná jáde fún un, ó ki orí ọ̀bẹ bọ̀ ọ́, ó ká agbádá lé èjìká, ó kúnlẹ̀ lórí ẹní níwájú gbogbo àwọn tí òun wá fẹ́ ọmọ lọ́wọ́ wọn. Ó jó wáyà méjèèjì mọ́ ọn. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n, iṣẹ́ náà mọ́, a ti sọ ọ́ pé ó mọṣẹ́. Ògúndípẹ̀ gba rédíò rẹ̀, ó fi rọ́bà dì í padà, ó tàn án, ó tẹ́tí.

Ọláwuyì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Yẹ́misí dá a dúró. "Ẹ má bínú, bàbá. Mi ò lè lọ sílé ẹni tó yọ ohùn kúrò lọ́wọ́ bàbá mi, tó tún fi wọ́n rẹ́rìn-ín pé etí wọn ló di." Àwọn ọmọ ilé kó iṣu àti epo jáde sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì gbé rédíò dídán tí kò ní ohùn mọ́ lé e lórí.

Kò sí ohun tó kù láti sọ. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni Ọmọ́tọ́ṣọ́ ti mọ ìgbà tí kò sí ohun tó kù láti sọ? Wọ́n ti sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn, wọ́n ti rìn dé ìdí igi ọsàn tó wà níta, bàbá sì wà nínú ilé lórí àga rẹ̀. Ọmọ́tọ́ṣọ́ gbé iṣu sí èjìká, ó tẹ ẹnu mọ́ etí Ọláwuyì, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́:

"Ẹ jẹ́ ká lọ. Ará oko lásán-làsàn ni gbogbo wọn."

Láti inú ilé, Ògúndípẹ̀ rẹ ohùn rédíò sílẹ̀. Kò pariwo, kò dìde.

"Mo gbọ́, Ẹnjiníà," ni ó wí.